Bàálù Hítílà àbí Bàálù Bìáfíra? Èsì fún Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ Kan

Ọmọ Ajílété kan kọ̀wé sí mi báyìí pé: “Ẹ kú iṣẹ́ o, bàbá. Bàbá mi àgbà, kí wọ́n tó papò dà, a máa sọ fún wa pé nígbà ogun, bàálù àwọn ológun a máa gba ojú sánmà Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá lọ́wọ̀ọ̀wọ́. Wọ́n ní ńlá kan á ṣíwájú, àwọn kéékèèké á tẹ̀ lé e bí ọmọ adìyẹ tó ń tọ ìyá rẹ̀ lẹ́yìn. Bàbá mi ní kò rí bẹ́ẹ̀, pé ìgbà ogun Bìáfíra ni bàálù ogun kọjá lórí ìlú wa, pé ẹyọ kan ṣoṣo ni òun rí, ó sì ti kọjá tán kí ariwo rẹ̀ tó dé. Ta ló jàre nínú wọn? Pápá wo ni àwọn bàálù náà ti ń gbéra? Ilẹ̀ gbalasa kan sì wà lẹ́yìn ìlú tí àwọn àgbà kan ń pè ní pápá bàálù. Ṣé lóòótọ́ ni bàálù balẹ̀ síbẹ̀ rí?”

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bá yín parí ìjà ilé. Bàbá àgbà kò purọ́, bàbá yín náà kò purọ́. Ogun méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń sọ, kálukú sì gbà pé èyí tó ṣojú òun nìkan ló ń jẹ́ ogun. Ti bàbá àgbà, ogun Hítílà ni. Ti bàbá yín, ogun Bìáfíra ni. Ẹ̀rí tí mo fi mọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ tí wọ́n sọ fún yín gan-an.

Iṣẹ́ ẹ̀ńjìnnì ni mo ṣe nínú iléeṣẹ́ ọmọ ogun òfuurufú kí n tó fẹ̀yìn tì wá sílé. Láàárín àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ, bí ẹnì kan bá ní òun rí bàálù báyìí báyìí, a kì í kọ́kọ́ béèrè bí ìyẹ́ rẹ̀ ṣe rí. Ilẹ̀ la ó kọ́kọ́ béèrè. Níbo ló ti gbéra? Níbo ló fẹ́ bà sí? Yangí ni wọ́n fi ṣe ojú ráńwè ibẹ̀, ìyẹn ọ̀nà tí bàálù ń sá lórí rẹ̀, àbí ọ̀dà? Ó gùn tó mélòó? Ta ló ń gbé epo débẹ̀? Ojú ènìyàn lè ṣì í, pàápàá ojú ọmọdé tó ń sáré jáde láti wo òkè, ṣùgbọ́n kò sí bàálù tó lè fò kọjá ibi tí epo rẹ̀ mọ, kò sì sí èyí tó lè bà sí ilẹ̀ tí kò gbà á. Ẹni tó bá mọ àwọn pápá tó wà lọ́dún kan, díẹ̀ ló kù kó mọ ohun tó kọjá lókè lọ́dún náà.

Ó yá, ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àgbà. Ní oṣù kẹfà ọdún 1940, Ítálì bọ́ sójú ogun lẹ́yìn Jámánì, òkun Mẹditaréníà sì di ibi eléwu fún ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Bẹ́ẹ̀ Ìjíbítì gan-an ni wọ́n ti ń wá bàálù lójú méjèèjì. Wọ́n wá yí gba ẹ̀yìnkùlé. Wọ́n di bàálù sínú àpótí pákó ńláńlá, wọ́n fi ọkọ̀ ojú omi gbé e wá sí Takoradi ní Gold Coast tó ti di Ghana lónìí, wọ́n tò ó pọ̀ níbẹ̀, awakọ̀ sì ń wà á gba Èkó, Kánò, Màídúgùrí, Fort Lamy tó ti di N'Djamena lónìí, ó gba ilẹ̀ Sùdáánì já sí Khartoum kó tó dé Kàírò. Gbogbo ìrìn náà tó nǹkan bíi 3,700 máìlì. Àwọn àpótí àkọ́kọ́ gúnlẹ̀ sí Takoradi ní ọjọ́ 5 oṣù kẹsàn-án 1940. Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ọ̀wọ́ àkọ́kọ́ gbéra: Blenheim kan, Hurricane mẹ́fà.

Blenheim kan, Hurricane mẹ́fà. Ẹ padà lọ ka ohun tí bàbá àgbà sọ. Blenheim ni ńlá tó ń ṣíwájú. Ẹ̀ńjìnnì méjì ló ní, ó sì ní ẹni tí iṣẹ́ tirẹ̀ kò ju kó máa wo máàpù àti kọ́ńpáàsì, kó máa sọ fún awakọ̀ pé yà síhìn-ín, yà sọ́hùn-ún. Hurricane ní ẹ̀ńjìnnì kan ṣoṣo, ènìyàn kan ṣoṣo ló sì ń jókòó sínú rẹ̀. Ẹni yẹn ni awakọ̀, òun náà ni yóò máa wo ọ̀nà, òun náà ni yóò máa ṣọ́ epo. Ẹ fi í sílẹ̀ lórí igbó Áfíríkà tí kò mọ̀ rí, kíá ló máa sọnù. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so wọ́n mọ́ ìdí ẹni tó mọ̀nà. Awakọ̀ Pólàǹdì pọ̀ láàárín àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí, àwọn tí Jámánì ti gba ilẹ̀ lọ́wọ́ wọn nílé. Kí wọ́n tó ká iṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀, bàálù tó gba ọ̀nà yẹn kọjá ti lé ní 5,000. Kì í ṣe ọmọdé ìlú kan ṣoṣo ló wòkè lásìkò náà.

Láti Èkó sí Kánò jẹ́ 525 máìlì. Fún Hurricane, ọ̀nà jíjìn nìyẹn jẹ́. Bí afẹ́fẹ́ bá ń ta kò ó lójú, tàbí tí ọ̀wọ́ náà ṣìnà díẹ̀, ẹ̀rù epo á bẹ̀rẹ̀ sí í ba awakọ̀. Ẹ mú máàpù Nàìjíríà, kí ẹ fi rúlà fa ìlà gbọọrọ láti Èkó dé Kánò. Ẹ óò rí i pé ìlà náà fẹ́rẹ̀ẹ́ gba àárín Òṣogbo gan-an. Ní Ìdó-Ọ̀ṣun, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òṣogbo, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti la pápá bàálù kan sílẹ̀ láti 1936, wọ́n sì lò ó nígbà ogun. Pápá yẹn náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fẹ́ sọ di pápákọ̀ òfuurufú ńlá nígbà kan, tí wọ́n fi orúkọ MKO Abíọ́lá pè, iṣẹ́ tó ń dúró tó ń lọ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọdún 1936 yẹn kan náà ni bàálù Imperial Airways bẹ̀rẹ̀ sí í gba Khartoum wá sí Kánò, tó sì sọ̀ kalẹ̀ dé Èkó kí ọdún tó parí. Ìyẹn ni pé kí Hítílà tó dá ogun sílẹ̀ rárá, ọ̀nà ojú sánmà ti wà láàárín Èkó àti Kánò, ogun kàn wá sọ ọ́ di òpópó ni.

Kí ló wá dé tí pápá fi lọ sí Òṣogbo tí kò wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, nígbà tó jẹ́ pé ìlú yín kì í ṣe ìlú kékeré? Ojú tèmi ni pé reluwé ni. Reluwé dé Òṣogbo ní 1907, ó dé Ìlọrin ní 1908, ó yà ba Ògbómọ̀ṣọ́ sílẹ̀ ní apá òsì. Bàálù kì í jẹ koríko. Epo rẹ̀ nínú àgbá ni wọ́n ń gbé lọ bá a, àgbá epo bàálù sì wúwo, ọkọ̀ ẹrù ìgbà náà lórí títì eléruku kò lè kó o tó. Ibi tí reluwé bá ti lè já àgbá epo sílẹ̀ ló rọrùn jù fún òyìnbó láti la pápá sí. Reluwé tún ń ṣe iṣẹ́ kejì. Bí ojú ọjọ́ bá ti ṣú, tí kọ́ńpáàsì kò dá a lójú mọ́, awakọ̀ á rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ wá irin reluwé, á sì máa tọ̀ ọ́ títí á fi dé ìlú tó mọ̀.

Ìlà Èkó sí Kánò yìí fi nǹkan bíi 45 kìlómítà jìnnà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìhà ìlà oòrùn. Fún bàálù, ìyẹn kò tó nǹkan. Ní oṣù keje àti ìkẹjọ, ìkùukùu á rọ̀ sílẹ̀ lórí Òṣogbo àti Ìkìrun, ọ̀gá tó ń ṣíwájú á sì yà sí òsì láti wá ibi tó mọ́lẹ̀. Ní àkókò ọyẹ́, eruku á bo gbogbo nǹkan, wọ́n á fò nílẹ̀nílẹ̀ kí wọ́n lè rí ìsàlẹ̀. Ìgbà méjèèjì ni ọ̀wọ́ bàálù lè bá ara rẹ̀ lórí títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sí Ìlọrin, kó sì máa tọ títì náà lọ. Nílẹ̀nílẹ̀ tí wọ́n ń fò yẹn ni bàbá àgbà fi lè ka iye wọn, kó sì mọ èyí tó tóbi. Ká ní wọ́n wà lókè réré ni, gbogbo wọn á dà bákan náà lójú rẹ̀.

Mo ní ìbéèrè kan tí mo fẹ́ kí ẹ bi àwọn àgbà ilé yín kí ẹ tó gba tèmi. Níbo gan-an ni bàbá àgbà ń gbé ní nǹkan bíi 1941? Gbogbo ayé ló mọ̀ pé ará Ògbómọ̀ṣọ́ ti fi òwò tẹ Gold Coast, Jọ́ọ̀sì àti Kánò mọ́lẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Ó di 1969 tí ìjọba Ghana ní kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé máa lọ kí ọ̀pọ̀ tó palẹ̀ mọ́ wá sílé. Ọ̀pọ̀ ìtàn tí wọ́n ń sọ nínú agboolé ní Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú òkèèrè ni ó ti ṣẹlẹ̀, ẹni tó ń gbọ́ ọ ló rò pé ẹ̀yìnkùlé ni. Bí bàbá àgbà bá ń ta ìṣáná àti iyọ̀ ní Takoradi tàbí ní Sábó Kánò lásìkò yẹn, kì í ṣe ojú sánmà nìkan ló ti rí Hurricane. Yóò ti rí i nílẹ̀, yóò ti gbọ́ bí ẹ̀ńjìnnì Merlin rẹ̀ ṣe ń wú ikọ́ kó tó gbà. Ẹni tó bá ti gbọ́ ẹ̀ńjìnnì yẹn nítòsí kì í fi pe òmíràn.

Bí ó bá sì jẹ́ pé sọ́jà Bọ́mà ni bàbá àgbà, ọ̀rọ̀ tún yí padà. Ní Bọ́mà, bàálù akẹ́rù tí wọ́n ń pè ní Dakota ni àwọn ọmọ wa mọ̀ jù. Dífíṣọ̀n 81 ti Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí aláǹtakùn dúdú jẹ́ àmì rẹ̀, wà ní àfonífojì Kaladan ní 1944 fún oṣù mélòó kan láìsí ọkọ̀ ilẹ̀ tó ń gbé oúnjẹ dé. Ohun tí bàálù bá jù sílẹ̀ láti òkè ni wọ́n ń jẹ, òun náà ni ọta ìbọn wọn. Ṣáájú wọn, kò sí dífíṣọ̀n tó ti gbé lórí bàálù nìkan bẹ́ẹ̀ rí. Ní oṣù kẹrin 1944 kan náà, wọ́n kó Brigade 3 tó jẹ́ ti Nàìjíríà sínú Dakota, wọ́n sì gbé wọn lọ sí pápá kan tí wọ́n gé sáàárín igbó lẹ́yìn àwọn ará Japan, tí wọ́n sọ ní Aberdeen. Ẹ ronú ọmọkùnrin tó jẹ́ pé kẹ̀kẹ́ ni ohun tó yára jù tó ti gùn rí, tí wọ́n wá gbé sókè lọ já sílẹ̀ láàárín ọ̀tá. Àwọn bàbá wọ̀nyẹn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa rẹ̀, mi ò sì bá wọn wí.

Ní báyìí, bàbá yín.

Àwa Nàìjíríà kò ní ọmọ ogun òfuurufú títí di ọjọ́ 18 oṣù kẹrin 1964. Kó tó dìgbà náà, wọ́n ti rán àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ kọ́ṣẹ́: mẹ́wàá lọ sí Ethiopia ní 1962, mẹ́rìndínlógún lọ sí Kánádà ní 1963, mẹ́fà lọ sí Íńdíà. Ará Jámánì ni wọ́n gbé iṣẹ́ ìpìlẹ̀ fún, ará Jámánì náà sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gerhard Kahtz. Ohun tí wọ́n kó wá kò ní ìbọn: Dornier Do 27, Piaggio tí wọ́n fi ń kọ́ni, àti Noratlas tó ń kó ẹrù, tó ní ìrù méjì. Do 27 yìí ni bàálù tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo àwọn àtijọ́ náà. Ìyẹ́ rẹ̀ wà lókè orí, ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn, ó lè gbéra lórí ilẹ̀ tí kò tó pápá bọ́ọ̀lù méjì, pápá ilé ẹ̀kọ́ lásán tó. Bí ẹ bá gbọ́ pé bàálù ìjọba kékeré kan balẹ̀ sí àárín ìlú kan ní ilẹ̀ Yorùbá lẹ́yìn 1964, ẹ má yára pe ẹni tó sọ ọ́ ní òpùrọ́.

Ogun bẹ́ ní oṣù keje 1967, ọ̀rọ̀ sì yí. Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà kò fẹ́ ta bàálù ìjà fún ìjọba àpapọ̀, ìjọba wá yíjú sí Rọ́ṣíà àti Czechoslovakia. Ní oṣù kẹjọ, bàálù ẹrù ńláńlá tí wọ́n ń pè ní Antonov An-12 bẹ̀rẹ̀ sí í já jẹ́ẹ̀tì ìjà MiG-17 àti jẹ́ẹ̀tì kékeré L-29 tí wọ́n ti tú sí wẹ́wẹ́ sílẹ̀ ní Kánò, wọ́n sì ń tò wọ́n pọ̀ níbẹ̀. Il-28 tó ń ju bọ́ǹbù dé lẹ́yìn wọn, àwọn ará Ìjíbítì ló sì ń wà á. Oṣù kẹjọ yẹn kan náà ni sọ́jà Bìáfíra rékọjá odò Ọya wọ Mid-West, tí wọ́n dé Orè débi pé gbogbo Ìwọ̀ Oòrùn ń gbọ̀n. Bí ẹ bá ń wá ìdí tí ọmọdé kan ní Ògbómọ̀ṣọ́ kò fi ní gbàgbé bàálù ọdún yẹn títí ayé, ẹ̀rù wà nínú rẹ̀.

Kánò ni wọ́n ti tò wọ́n pọ̀. Bí awakọ̀ bá fẹ́ mú ọ̀kan wá sí Ìkẹjà, ọ̀nà ojú sánmà wo ni yóò gbà? Ìkan náà tí Hurricane gbà, ní ìdojúkọ òdìkejì. Nítorí náà kò sí ohun àrà nínú pé bàbá àti ọmọ rí bàálù ogun lórí ìlú kan náà láàárín ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Ọ̀rọ̀ ariwo tí bàbá yín sọ ló jẹ́ kó dá mi lójú. Hurricane tí wọ́n ń gbé lọ sí Ìjíbítì kì í sáré. Tìẹ̀sọ̀tìẹ̀sọ̀ ni wọ́n ń wà á kí epo lè tó. Ẹ óò ti máa gbọ́ kùkùkù rẹ̀ fún ìṣẹ́jú mélòó kan kí ẹ tó rí i. MiG-17 lè sá tó 1,100 kìlómítà ní wákàtí kan, ìró fúnra rẹ̀ sì ń rìn ní nǹkan bíi 1,200. Èyí túmọ̀ sí pé bàálù náà fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ariwo ara rẹ̀ sáré ìje. Bí ó bá gba orí òrùlé kọjá nílẹ̀nílẹ̀, ìgbà tó bá ti ń lọ ni ariwo á tó bú sí yín létí. Torí náà, láàárín MiG-17 àti L-29, ọwọ́ mi wà lórí MiG. L-29 kì í sá kọjá nǹkan bíi 650, ariwo rẹ̀ á ṣíwájú rẹ̀ dáadáa.

Pápá Ìdó-Ọ̀ṣun kò lè jẹ́ ilé irú bàálù yìí, kò sì sí ìdí tí awakọ̀ jẹ́ẹ̀tì fi máa wá a lọ. Iṣẹ́ tèmi nìyí, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Jẹ́ẹ̀tì ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹni fẹ́ fa gbogbo ayé mì. Ẹnu tí MiG-17 fi ń fà á wà níwájú gbàgà, ní imú, òkè táyà iwájú. Táyà á gbọ́n òkúta wẹ́wẹ́ sókè, ẹnu á gbé e mì, inú sì ní àwọn irin tó ń yí ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ní ìṣẹ́jú kan. Òkúta tí kò tó èkùrọ́ lè ba ẹ̀ńjìnnì jẹ́ pátápátá.

Nígbà tí mo wà ní Kánò, ní ìdajì kejì àwọn ọdún 1980, tí L-39 tó jẹ́ àbúrò L-29 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé, iṣẹ́ òwúrọ̀ wa kò ní í ṣe pẹ̀lú sípánà. A ó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa láti etí ráńwè kan dé ìkejì, ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́, a ó dorí kodò, a ó máa rìn díẹ̀díẹ̀, a ó máa ṣa òkúta, ìṣó, ìdérí ìgò, rọ́bà táyà tó já, sínú àpò tí a gbé kọ́rùn. Ní àkókò ọyẹ́, yanrìn Kánò á ti kún inú bàtà ká tó dé ìdajì. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tó bá ní ìka tó gbọ́n á fi iná tọ́ọ̀ṣì wo ẹnu ẹ̀ńjìnnì, á máa fi èékánná fọwọ́ kan etí bíléèdì lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí èékánná bá kọ́ síbì kan, òkúta ti jẹ ibẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kékeré, a ó fi fáìlì ra etí rẹ̀ títí á fi jọ̀lọ̀, torí ibi tó bá la ẹnu ni yóò ti sán lókè. Bí ó bá jìn, ẹ̀ńjìnnì á jáde. Ojú ọ̀dà tó mọ́ ni jẹ́ẹ̀tì ń fẹ́. Yangí tó gba Hurricane pẹ̀lú ayọ̀, òun ló lè pa MiG.

L-29 yàtọ̀ díẹ̀. Àwọn ará Czechoslovakia mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kó lè lo pápá koríko àti ti yanrìn, ẹnu tó fi ń fa afẹ́fẹ́ wà ní ìdí ìyẹ́, ó jìnnà sí táyà iwájú. Òun ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Shittu Àlàó, ọ̀gá àgbà ọmọ ogun òfuurufú, ń wà lóun nìkan nígbà tó já ní Uzebba, kò jìnnà púpọ̀ sí Benin, ní ọjọ́ 15 oṣù kẹwàá 1969. Ọ̀gá tí kì í jókòó sí ọ́fíìsì ni.

Mi ò lè kọ nípa pápá bàálù ìgbà ogun yẹn kí n má dárúkọ Uli, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà sílé. Uli kì í ṣe pápá, títì ni, apá kan nínú títì Owerri sí Ihiala, tí àwọn Bìáfíra fẹ̀ sí i títí bàálù ńlá fi lè bà á. Òru nìkan ló ń ṣiṣẹ́. Bàálù tó ń kó oúnjẹ bọ̀ láti São Tomé á máa yí lókè nínú òkùnkùn, wọ́n á tan iná ráńwè fún ìwọ̀nba àkókò tí yóò fi balẹ̀, wọ́n á sì pa á. Dakota ìjọba àpapọ̀ náà á máa yí lókè wọn, òun ń dúró de iná yẹn kó lè ju bọ́ǹbù. Irú Dakota tó bọ́ àwọn ọmọ wa ní Bọ́mà nìyẹn o. Ibẹ̀ náà ni Ojúkwu ti wọ bàálù jáde ní oṣù kìíní 1970. Ẹni tó bá kọjá ní Uli lónìí tí wọn ò sọ fún un, títì ni yóò kà á sí.

Ẹ̀yin ará Ọ̀yọ́ náà, tí ẹ máa ń sọ pé ẹ rí jẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó ń fò lẹ́sẹẹsẹ ní àwọn ọdún 1980, ìyẹn rọrùn. Alpha Jet ni. Mẹ́rìnlélógún ni Nàìjíríà rà, ibùdó wọn sì wà ní Kainji. Ẹ fa ìlà láti Kainji sí Èkó, àárín Ọ̀yọ́ àti Ìséyìn ló máa gbà. Nígbà tí Èkó ṣì jẹ́ olú-ìlú, wọ́n ní láti wá fò níbẹ̀ fún àjọ̀dún òmìnira. MiG-21 tó dé ní 1975 àti Jaguar tó dé ní 1984 kò fi bẹ́ẹ̀ kan agbègbè wa. MiG-21 ní pàtàkì, ráńwè gígùn ló ń fẹ́. Ó tilẹ̀ máa ń ta páráṣúùtì sẹ́yìn kó lè dúró.

Ó ku ilẹ̀ gbalasa yín. Orúkọ lásán kò tó ẹ̀rí. Mo ti rí ibi tí wọ́n ń pè ní pápá bàálù nítorí pé hẹlikọ́pítà olóṣèlú balẹ̀ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ mú kọ́ńpáàsì lọ, ti inú fóònù náà tó. Ní ilẹ̀ wa níbí, afẹ́fẹ́ òjò ń ti gúúsù ìwọ̀ oòrùn wá, ti ọyẹ́ ń ti àríwá ìlà oòrùn wá, bàálù sì ń fẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa fẹ́ sí òun lójú bó bá ń gbéra tàbí tó ń balẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ráńwè Ìlọrin fi kọjú sí 50 dígíríì ní orí kan àti 230 ní orí kejì, tí wọ́n sì kọ 05 àti 23 gàdàgbà sí i lórí. Tiyín náà, bí ó bá jẹ́ pápá tòótọ́, ó yẹ kó dojú kọ ibi tó sún mọ́ bẹ́ẹ̀. Kó tẹ́jú, kó gùn tó ọgọ́rùn-ún mélòó kan mítà láìsí gegele, kí omi máa ṣàn kúrò láàárín rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Ẹ fi ọkọ́ gbẹ́ ilẹ̀ láàárín gan-an. Yangí tí wọ́n gún mọ́lẹ̀ máa ń le, á dáhùn gbọ̀ngbọ̀n bí ọkọ́ bá kàn án, ó sì máa ń yàtọ̀ sí ilẹ̀ oko tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ẹ kò bá rí èyíkéyìí nínú nǹkan wọ̀nyí, Do 27 tàbí hẹlikọ́pítà ló lè ti bà síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kì í ṣe ibùdó. Ó sì dùn mí díẹ̀ láti sọ ọ́: Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní pápá, orúkọ ọmọ rẹ̀, Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ni pápákọ̀ Alákìá ní Ìbàdàn ń jẹ́ báyìí.

Bàbá yín ṣì wà láyé, ẹ lo àǹfààní yẹn. Ẹ bi wọ́n bóyá kí ọ̀rọ̀ Àgbẹ̀kọ̀yà tó bẹ́ sílẹ̀ ní 1968 ni wọ́n rí bàálù náà, tàbí lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ bi wọ́n bóyá ọ̀nà Ìlọrin ló ti ń bọ̀ àbí ọ̀nà Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn náà kí ẹ bi wọ́n bí imú rẹ̀ ṣe rí. Bí ó bá ṣí sílẹ̀ gbàgà bí ẹni tó la ẹnu, MiG-17 ni, a ti parí ẹjọ́. Bí ó bá ṣe ṣóńṣó, L-29 ni, n óò sì tún kọ̀wé.